Morádéyọ̀, Olùkọ́ Lárúbáwá Ilé Ìdáná

Tí ẹ bá bi Morádéyọ̀ Ògúnbánwò bí ó ṣe di olùkọ́, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn. Á ní àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde ni kí ẹ lọ bi, pé òun ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Òótọ́ ló sì ń sọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní kékeré tó lè rò ó lójú àlá pé ọmọ yìí máa kọ́ èèyàn ní ohunkóhun. Ilé kéwú tí bàbá rẹ̀ fi í sí, orí lẹ́tà kẹta ló ti sá kúrò níbẹ̀. Ní ilé ìwé gírámà, ìdí fèrèsé ló máa ń jókòó sí, kó lè mọ gbogbo ẹni tó ń kọjá lójú títì.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúkú gbélé. Ó kọ́kọ́ lọ kọ́ irun ṣíṣe ní Ṣàgámù, ó wá fi iná jó irun ẹni tí wọ́n fẹ́ so yìgì fún lọ́jọ́ kejì. Ó fẹsẹ̀ fẹ ẹ kúrò níbẹ̀. Ó gba Kútọnu lọ, ó lọ kó aṣọ wá tà. Àwọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ló yàn, ìyẹn ni pé kò sí ẹlòmíì tó rà á. Nígbà tó sú u, ó gé aṣọ náà, ó fi rán kọ́tìnì sí gbogbo fèrèsé ilé bàbá rẹ̀, títí kan ti balùwẹ̀. Tí àlejò bá wọlé, wọ́n á ní ojú àwọn ń ṣe bàìbàì.

Ẹnu ìyẹn ló wà tí ajẹ́ńtì kan ní Odogbolu fi sọ fún un pé iṣẹ́ ń bẹ ní Múskátì, ní ilẹ̀ Ómáànì níbi tí àwọn Lárúbáwá wà. Ó ní abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ajẹ́ńtì ò purọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù wà lóòótọ́ nínú ilé tí Morádéyọ̀ ti fọ abọ́, fọ ìgbọ̀nsẹ̀, tó sì gbé ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún méjì gbáko.

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ èdè Lárúbáwá. Kò sí ìwé, kò sí pátákó. Ẹnu màdáámù tó gbà á síṣẹ́ ló ti gbọ́ ọ, ẹnu ọ̀hún kì í sì í sinmi. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà ni èébú á ti máa rọ̀ bí òjò orí páànù. Màdáámù yìí wá lẹ́sìn púpọ̀, kì í bú èèyàn láìké pe Ọlọ́run sí i. Bí abọ́ bá fọ́, "Yá Rábì!" ni. Bí tíì bá tutù, "Yá Allah!" ni. Kó tó di pé ọdún kan pé, Morádéyọ̀ ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ kúnná, àní ó ń fi bú ìgbálẹ̀ nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń gbọ́.

Ó padà dé Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú àpótí kan tí táyà rẹ̀ ti yọ. Àwọn ẹbí jókòó yí àpótí náà ká, wọ́n ń wò ó. Nígbà tí wọ́n rí ohun tó wà nínú rẹ̀, oníkálùkù rántí pé òun ní nǹkan tí òun fẹ́ ṣe nílé.

Ọjọ́ kan ni Márúwá kan ta ẹrẹ̀ sí i láṣọ ní Òkè-Ajé. Inú bí i dé góńgó. Kó tó mọ̀, gbogbo Lárúbáwá tó wà nínú rẹ̀ ti tú jáde, ó ń sáré lẹ́yìn Márúwá, ó ń ké Yá Rábì, ó ń ké Yá Allah. Àfi bí Àáfà Abdulrauf, tó ni ilé kéwú tó wà ládùúgbò, ṣe dúró gbagidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àáfà ti ka ìwé Lárúbáwá láti kékeré, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ kí ó máa dà lẹ́nu ẹnìkan báyẹn rí. Ọ̀rọ̀ náà sáré ju ohun tí etí rẹ̀ lè bá lọ. Orúkọ Ọlọ́run nìkan ló rí mú níbẹ̀, ìyẹn sì tó o.

"Ọmọ Ògúnbánwò, níbo lo ti rí irú ìmọ̀ báyìí?"

"Ilé ìdáná ni, Àáfà. Èébú ni mo ń bú u."

"Ẹ gbọ́ ìrẹ̀lẹ̀ o! Àwọn tó jinlẹ̀ kì í gbà pé àwọn jinlẹ̀."

Morádéyọ̀ ní, Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, òtítọ́ ni mo ń sọ. Bó ṣe ń sẹ́ ẹ tó ni Àáfà ń mi orí tó. Ó ní wọ́n ti ń wá obìnrin tí yóò máa kọ́ àwọn ìyá ní èdè Lárúbáwá lọ́jọ́ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn àsàlátù, Ọlọ́run ló mú un wá. Nígbà tí Àáfà wá pè é ní Ùsítáásà, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ẹni tí wọ́n ti ń pè ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún ọdún méjì, tí wọ́n wá pè ní olùkọ́ láàárín ọjà! Ọrùn rẹ̀ gùn. Ẹnu rẹ̀ ò lè sọ pé rárá mọ́.

Ohun tó mọ̀ náà ló ń kọ́ wọn. Á di ìkòkò, ṣíbí, ìgbálẹ̀ àti korobá sínú ọpọ́n, á gbé e lọ sí kíláàsì, á máa na ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè, wọ́n á máa pe orúkọ rẹ̀. Inú àwọn ìyá dùn débi pé wọ́n ń tètè dé. Ìyá Rídwàn tó ń dín àkàrà ní Ìtá-Àlẹ́ ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Gbogbo ohun tí Ùsítáásà bá kùn sínú ní Lárúbáwá nígbà tí kíláàsì bá ń pariwo, ó ti há a sórí. Morádéyọ̀ á délé, á wo ara rẹ̀ nínú dígí, á ní, "Ùsítáásà oníkorobá, o káre."

Ẹni tó kéré jù nínú kíláàsì ni Fatihah, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Orí rẹ̀ pé. Tí Morádéyọ̀ bá pe nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Fatihah wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Àǹtí, físà mi ti jáde. Múskátì ni mò ń lọ, iṣẹ́ inú ilé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Ẹ bá mi ṣàdúà ní èdè wọn gan-an, kí ilẹ̀ ibẹ̀ lè dá mi mọ̀."

Àwọn ìyá ti tẹ́wọ́. Morádéyọ̀ náà tẹ́wọ́. Ó fẹ́ sọ pé kí Ọlọ́run ṣọ́ ọmọ yìí, kí wọ́n má fìyà jẹ ẹ́. Ó wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú gbogbo Lárúbáwá tó ní, kò rí i, nítorí kò sẹ́ni tó sọ irú ẹ̀ sí i rí níbẹ̀. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ àràárọ̀ ló bá jáde.

"Yá Rábì..."

"Àmín!"

Ó ń bá a lọ, wọ́n ń ṣàmín. Ti Fatihah ló ga jù, ó dijú, omi ń dà lójú rẹ̀. Morádéyọ̀ wo omi ojú náà, ó dá àdúà dúró.

"Ẹ má ṣàmín mọ́."

"Àmín!"

"Mo ní ẹ dákẹ́!" Wọ́n dákẹ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣàmín sí? Àkọ́kọ́ ni, 'Olúwa mi, kí ni mo ṣe tí o fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yìí jẹ mí níyà?' Èkejì ni, 'Olúwa, ebi ni yóò sùn lónìí.' Àdúà tí wọ́n ń ṣe fún mi láràárọ̀ nìyẹn. Òun nìkan ni mo mọ̀."

"Àsìtàkífúrúláì!" ni Ìyá Rídwàn ké. "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wà níbẹ̀? Mo ti fi kí gbogbo oníbàárà mi!"

Ẹ̀rín sọ, ṣùgbọ́n Fatihah ò rẹ́rìn-ín. Morádéyọ̀ jókòó tì í lórí ẹní, ó sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Ó ní ọjọ́ tí òun débẹ̀ gan-an ni wọ́n ti gba pásípọ́ọ̀tù òun, tí wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, tí òun ò sì tún fojú kàn án títí di ọjọ́ tí wọ́n dá òun padà sílé. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun nítorí rẹ̀.

"Mo gbọ́, Àǹtí," ni Fatihah wí. "Ṣùgbọ́n mò ń lọ. Ẹ̀yin náà lọ, ẹ sì bọ̀. Kí ni kí n sọ tí wọ́n bá gba pásípọ́ọ̀tù mi? Báwo ni mo ṣe máa bèèrè rẹ̀?"

Morádéyọ̀ ń ka ohun tó mọ̀ lọ́kàn. Ó mọ ṣíbí, ó mọ korobá, ó mọ orúkọ gbogbo ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀. Èyí, kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Fún odidi ọdún méjì, kò bèèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú tì í ju ti irun tó jó lọ.

Ó dìde, ó lọ bá Àáfà Abdulrauf ní yàrá kejì.

"Àáfà, ẹ kọ́ mi. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé kí wọ́n fún mi ní pásípọ́ọ̀tù mi?"

"Ùsítáásà, ìwọ ló ń bi mí?"

"Èmi ni, Àáfà. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Àáfà ò sọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ mọ́. Ó fa irùngbọ̀n, ó yẹ ìwé wò, ó ní, "Àtínì jawáàsà sàfárì." Wọ́n tún un sọ títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu.

Morádéyọ̀ padà sínú kíláàsì, ó dúró níwájú wọn, ó la ẹnu. Ohùn rẹ̀ kéré, ilẹ̀ ló ń wò, bí ẹni pé màdáámù ló jókòó sí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún.

"A ò gbọ́ o!" ni Ìyá Rídwàn wí.

"Àǹtí," ni Fatihah wí jẹ́jẹ́, "ẹ gbójú sókè. Ẹ tún un sọ."

Ó gbójú sókè, ó tún un sọ. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, Fatihah bá a sọ ọ́, ohùn ọmọ náà sì ga ju tirẹ̀ lọ.