Bàtà Kíláàsì

Bí mo bá ti ń de okùn bàtà mi báyìí, ohùn ìyá onílé wa ní Ṣógúnlé ló máa ń dún sí mi létí: "Ta ló ń lọ sílé ìwé láìwọ bàtà?"

Orí fóònù ni yunifásítì ti ń kọ́ wa nígbà yẹn. Ó ti sú mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń sùn sí tí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀, mo sì ti ń rò ó pé kí n pa ẹ̀kọ́ náà tì. Màmá onílé ò gbà. Láràárọ̀ ni wọ́n á kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n á ní kí n wẹ̀, kí n wọ bàtà, wọ́n á wá gbé àpótí jókòó tì mí. Bí olùkọ́ bá ti yọjú, wọ́n á kúnlẹ̀ síwájú fóònù: "Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà!" Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, ibà dá wọn dùbúlẹ̀. Olùkọ́ ò rí wọn, ó ní, "Màmá wa dà?"

Mo sáré gbé fóònù lọ bá wọn ní yàrá.

Wọ́n ní, "Dúró ná, jẹ́ n wọ bàtà mi."