Ọdún Tí Omi Òkun Kò Tutù Mọ́

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rìn lórí àpáta òkun. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n wá mú mi ní Ẹ̀jìgbò, tí a jọ wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú kékeré kan létí òkun ní ọ̀kan lára àwọn ilẹ̀ adúláwọ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Nílé, ẹnikẹ́ni tó bá lọ sí apá ibẹ̀, Àbíjàn ni wọ́n máa ní ó lọ, ìbáà jẹ́ ìlú míì ló ń gbé. Tiwa jìnnà sí Àbíjàn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, wọ́n ń yan án, wọ́n sì ń kó o ránṣẹ́ sí àwọn ọjà inú ilẹ̀. Bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń pe irú wọn ni èmi náà ń pè wọ́n: Tántì.

Ẹ̀yìn ilé wa ni àpáta náà wà. Bí omi bá fà sẹ́yìn láàárọ̀, àpáta á yọrí, koríko òkun á sì bo gbogbo ara rẹ̀. Ọ̀kan tutù yọ̀yọ̀, ó fẹ́lẹ́ bí aṣọ; èkejì pupa, ó rí bí irun tí wọn kò tíì yà. Ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Tántì ní kí n má fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kí n máa fi wá ibi tó le. A máa ń ṣa igbín òkun àti alákàn kéékèèké láàárín rẹ̀ fún ọbẹ̀ ọ̀sán. Mo ṣubú, mo ṣubú, títí ó fi di pé n kò ṣubú mọ́.

Bàbá apẹja kan wà ládùúgbò wa, ará Gánà, tó jẹ́ pé Tántì ni wọ́n máa ń gbé ẹja wọn wá fún. Bàbá yìí rí mi lọ́jọ́ kan tí mò ń fa koríko náà tu ṣeré. Wọn kò pariwo mọ́ mi. Wọ́n kàn sọ pé inú ibẹ̀ ni ẹja ń fi ọmọ pamọ́ sí, ẹni tó bá sì tú ilé ọmọ, kó má retí ìyá. Láti ọjọ́ náà, mo jáwọ́.

Lọ́dọọdún, bó bá ti di oṣù keje, omi òkun á tutù. Bí mo bá ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, egungun á máa ro mí. Ìgbà yẹn ni ẹja ṣáwá máa ń ya wọlé, tí iná kì í kú nínú ààrò Tántì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bàbá ní omi tútù yẹn ló ń gbé oúnjẹ láti ìsàlẹ̀ òkun wá sókè, koríko ń jẹ níbẹ̀, ẹja ń jẹ níbẹ̀, àwa náà sì ń jẹ ẹja.

Mo dàgbà síbẹ̀, mo sì bọ́ sídìí ààrò pẹ̀lú Tántì. Ọdún kan wá dé tí bàbá dúró nínú omi dé orúnkún láàárọ̀, tí wọn kò jáde. Oṣù kẹjọ ni. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ké sí Tántì.

“Ẹ wá fi ẹsẹ̀ yín sínú omi yìí.”

Tántì ká ìró wọn sókè, wọ́n wọlé. Wọ́n ní ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun. Ṣáwá tó wọlé lọ́dún yẹn kò kún ààrò kan.

Lọ́dún kejì, etí koríko àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ó ń já, omi ń gbé e lọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àpáta dán gbinrin bí ìkòkò tí wọ́n fi yanrìn fọ̀. Mo lè sáré lórí rẹ̀. Kò sí igbín níbẹ̀, kò sí alákàn. Bí wọ́n bá bi mí pé ọjọ́ wo gan-an ni koríko náà tán, n kò mọ̀. Ohun tó bá ń tán díẹ̀díẹ̀ kì í pe èèyàn wá wò ó.

Obìnrin kan láti yunifásítì máa ń wá síbẹ̀ láti wọn bí omi ṣe gbóná tó. Tántì bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ooru tó ń pọ̀ sí i láyé yìí, òkun ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ní ẹja lè lúwẹ̀ẹ́ wá ibi tó tutù lọ, àmọ́ koríko di àpáta mú, ibi tó dúró sí náà ló máa kú sí. Tántì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì di ẹja díẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn náà ni koríko míì dé, èyí tí kì í ṣe tiwa. Láti àárín gbùngbùn òkun ló ti léfòó wá, àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi tíì. A jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, a bá a lórí iyanrìn, ó mù wá dé orúnkún, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlú dé òpin rẹ̀. Obìnrin yunifásítì ní wọ́n ṣì ń wádìí rẹ̀, àmọ́ gbígbóná omi wà lára ohun tó ń mú kó pọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Òórùn náà sọ yẹtí fàdákà Tántì di dúdú létí wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ikọ́ náà kò sì lọ.

Bàbá ṣì ń lọ sójú omi. Lọ́jọ́ kan, koríko náà lọ́ mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ wọn nítòsí èbúté, ẹ̀rọ kú, ìgbì sì dojú ọkọ̀ dé. Àwọn tí wọ́n jọ lọ fà wọ́n jáde láàyè, àmọ́ itan bàbá ti ṣẹ́. Àwọn ọmọ bàbá wá láti Gánà, wọ́n ní àwọn ń gbé wọn lọ sílé. Tántì se oúnjẹ, wọ́n bù ú sínú abọ́ fún ìrìn àjò wọn. Nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, mo dúró, mò ń retí kí omi jáde lójú mi. Kò jáde. Mo padà lọ gbá eérú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Tántì da omi sí ààrò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, “Ó tó. Jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Nílé, àwọn ará ilé wá kí wa káàbọ̀. Wọ́n ń béèrè àlàáfíà Àbíjàn, Tántì ń dá wọn lóhùn pé àlàáfíà ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó béèrè òkun. Èmi wá iṣẹ́ lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, mò ń gun ọ̀kadà lọ láàárọ̀, mo dara pọ̀ mọ́ àwọn obìnrin tó ń yan gàrí. Ìdí iná kò ṣàjèjì sí mi. Wọ́n ní ọwọ́ mi yá. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín.

Ó tó ọdún kan kí Tántì tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. A jókòó síta lẹ́yìn ìrun alaasárì, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí.

“Ṣé o máa ń rántí ibẹ̀?”

“Mo máa ń rántí, Tántì. Àmọ́ kò dùn mí.”

Wọ́n ṣẹ́ ẹ̀gúsí bíi mẹ́ta sí i.

“Kò dun èmi náà. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.”

Mo fa àwo ẹ̀gúsí náà sáàárín wa, mo bá wọn ṣẹ́ ẹ títí ó fi tán.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin bàbá apẹja pè wá láti Gánà, ó ní bàbá ti kú. Tántì gbàdúrà fún òkú, wọ́n bi í bí ìyá rẹ̀ ṣe wà, wọ́n sì dá fóònù padà fún mi. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tẹ̀ lé mi lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Èéfín kò bá ikọ́ wọn mu, nítorí náà ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú àwọn ìyá ibẹ̀. Ní báyìí, wọ́n ní kí n bá àwọn wá ilẹ̀ díẹ̀ ní ìlú Ara, àwọn fẹ́ gbin ilá. Mo ti bá wọn rí i. Ilẹ̀ náà dára, ó kàn jẹ́ pé òjò kò tíì rọ̀.