Mẹ́rin tí Barjas Sọ Di Méjì

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni Barjas.

Ìlú wa wà lẹ́yìn Karak, níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Òkun Òkú. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un wá bá mi. Káfíńtà dẹ́kìn ni mí nígbà náà. Èmi ni mo ń kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré lé, èmi náà ni mo ń to òpó irin sábẹ́ pákó kó má baà wó kí kọnkéré tó gan. Mo kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, á kọ́kọ́ wo ilẹ̀ kó tó dáhùn. Àwọn kan rò pé kò gbọ́n ni.

Nígbà tó yá, ó di fọ́máànù ní ilé-iṣẹ́ kan ní Karak. Ogún ọdún ló fi kọ́lé, ẹnikẹ́ni ò kú lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ náà rí iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan gbà, ilé-ẹ̀kọ́ ńlá. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ náà fún wọn ní kí ẹni tó máa ṣe olórí rẹ̀ ní ìwé-ẹ̀rí ìṣàkóso iṣẹ́ àkànṣe. Ẹnjiníà Lu'ay, ọ̀gá Barjas, pè é wọ ọ́fíìsì.

"Lọ kọ ìdánwò náà. Tó o bá yege, ìwọ lolórí. Tó ò bá yege, màá mú ọmọ kékeré kan wá láti Amman, wàá sì máa di àkàbà mú fún un."

Ọgọ́sàn-án ìbéèrè ni, lórí kọ̀ǹpútà, ní Amman, olú-ìlú wa. Barjas ra ìwé rẹ̀. Ìwé náà nípọn bí búlọ́ọ̀kù. Nígbà yẹn mo ti fẹ̀yìn tì, mo kàn ń ṣọ́ igi àti irin fún wọn níbi iṣẹ́ ni. Bí a bá ń mu tíì láàárọ̀, ó máa ń kà á fún mi. Ó kà nípa ààlà iṣẹ́: ohun tí a gbà láti ṣe àti ohun tí a ò gbà. Ó kà nípa àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn: ẹni tó ni ilé, aládùúgbò, ìjọba ìbílẹ̀, àti àgbà òṣìṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Mo ní, "Èwo ni mi ò mọ̀ nínú èyí?"

"Bàbá, ẹ mọ gbogbo rẹ̀. Orúkọ ẹ̀ lẹ ò mọ̀."

"Orúkọ ò gbé dẹ́kìn dúró rí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún kọ orúkọ náà sílẹ̀.

Nílé, Rudayna ìyàwó rẹ̀ ló ń bi í ní ìbéèrè. Obìnrin náà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, á máa ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà wẹ́wẹ́ inú atẹ́, ìwé á wà lórí orúnkún rẹ̀. Bàbá Yanal ló máa ń pe ọkọ rẹ̀, orúkọ àkọ́bí wọn.

"Kí ni iṣẹ́ àkànṣe?"

"Iṣẹ́ tó ní ìbẹ̀rẹ̀, tó ní òpin, tó sì mú ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ jáde."

"Oyún nìyẹn."

"Kì í ṣe oyún."

"Bàbá Yanal, mo ti ní mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, oyún ni. Ó kan ìkejì. Àwọn iṣẹ́ wo ni wọn ò gbọdọ̀ pẹ́?"

"Àwọn tó so mọ́ra wọn. Ìpìlẹ̀, òpó, dẹ́kìn. Tí ọ̀kan nínú wọn bá pẹ́ lọ́jọ́ kan, ilé pẹ́ lọ́jọ́ kan. Kíkun géètì lè dúró."

"Géètì tiwa ti dúró fọ́dún mẹ́fà."

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó mú inú mi dùn. Kò tún sí irú ẹ̀ mọ́.

Ilé tí a ń kọ́ nígbà náà jẹ́ ti Àlájì Fawwaz, àbúrò bàbá Rudayna. Barjas ní òun fẹ́ fi ilé náà dán ohun tí òun kà wò. Ó la ìlà sínú ìwé kan, ó kọ gbogbo ewu tó wà níbi iṣẹ́ sínú rẹ̀. Ewu kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì. Àkọ́kọ́ ni bó ṣe ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ tó, láti ení dé àrún. Ìkejì ni bó ṣe máa burú tó, láti ení dé àrún náà. O máa sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn. Bó bá ju mẹ́wàá lọ, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró títí tí wọ́n á fi yanjú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewu kọ̀ọ̀kan ni orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ewu kẹrin ni kànga. Ilé àtijọ́ kan ti wà lórí ilẹ̀ náà rí, ó ní kànga tí wọ́n ń gba omi òjò sí nínú àpáta, bíi ti gbogbo ilé àtijọ́ wa. Wọ́n ti fi iyẹ̀pẹ̀ dí i. Igun ìlà-oòrùn dẹ́kìn wa bọ́ sórí rẹ̀ gan-an. Barjas kọ ọ́ báyìí: bó ṣe ṣeé ṣe tó, méjì. Bó ṣe máa burú tó, márùn-ún. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ, Barjas. Mẹ́wàá géérégé. Iṣẹ́ lè máa lọ.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó rọ̀ di alẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Barjas fi ẹsẹ̀ tẹ iyẹ̀pẹ̀ kànga náà, bàtà rẹ̀ sì rì. Ó mú ìwé rẹ̀ jáde, ó pa méjì rẹ́, ó kọ mẹ́rin. Ogún nìyẹn. Ó sọ fún mi pé, "Bàbá, Ọjọ́bọ̀ ò ṣeé ṣe. Ká fi sí Sátidé. Ká wa iyẹ̀pẹ̀ yẹn jáde, ká da òkúta sí i, ká tó to òpó."

Mo ní òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ ni àsè dẹ́kìn. Níbi tiwa, ọjọ́ tí wọ́n bá da dẹ́kìn ilé ni ẹni tó ni ín máa pa àgùntàn, kí òṣìṣẹ́ àti ìbátan jẹ ẹran inú wàrà kíkan lórí ìrẹsì. Bí o bá ti pe èèyàn, o ti pè é. Ẹni tó bá yí ọjọ́ padà, wọ́n á ní ilé kọ̀ ọ́, tàbí pé apá rẹ̀ ò ká a mọ́. Wọ́n á máa sọ ọ́ títí dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Barjas ṣe ohun tí ìwé ní kó ṣe. Ó kọ ìbéèrè fún àyípadà ọjọ́ sórí pépà kan, ó sì gbé e lọ bá Àlájì Fawwaz. Mo tẹ̀ lé e.

Àlájì ń fẹ́ iná kọfí. "Kí lèyí?"

"Àlájì, ìwé ni. Mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ igun ìlà-oòrùn ti rọ̀. Ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì."

"Ìwé? O fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ni? Mo rò pé o ti ní ìyàwó nínú ilé wa."

"Àlájì, ẹ jọ̀ọ́."

"Ogójì èèyàn ni mo pè. Àwọn kan ń bọ̀ láti Tafila. Àgùntàn ti wà lẹ́hìnkùlé, gbọ́ ohùn ẹ̀. Kí n wá sọ fún wọn pé ọkọ Rudayna ń ka ìwé, ìwé sì ní kí wọ́n padà sílé?" Ó wò mí. "Bàbá Hayel, ẹ̀yin náà, ìgbà tiyín, ẹ kọ lẹ́tà kẹ́ ẹ tó da dẹ́kìn?"

Mo ní, "Ilẹ̀ náà rọ̀."

"Ẹ fi pákó sábẹ́ òpó. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ṣe é?"

A ti ṣe é rí, òótọ́ ni. Ó gbé ìkòkò kọfí lé orí pépà Barjas. Barjas wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa, Àlájì."

A padà síbi iṣẹ́. Ó jókòó lórí àpò sìmẹ́ńtì, ó ṣí ìwé ewu, ó fi ìrésà pa mẹ́rin yẹn rẹ́. Ó kọ méjì padà. Mo rí i. Èmi náà ni mo gbé pákó wá.

Ní Ọjọ́bọ̀ a bẹ̀rẹ̀ ní aago méje. Bí wọ́n bá ń da kọnkéré lókè, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú òòlù, kó máa wo òpó, kó máa gbá èyí tó bá dẹ̀. Shihada ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó ní ọmọbìnrin méjì. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Bàbá Yanal, èmi ni ewu nọ́ńbà mélòó nínú ìwé yẹn?"

"Ẹnu ẹ ni nọ́ńbà kìn-ín-ní."

"Mélòó lẹ fún un?"

"Márùn-ún lọ́nà márùn-ún. Wọlé."

Ó wọlé. Ní aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, igun ìlà-oòrùn rì. Kò dún púpọ̀. Àwọn tó wà lókè fò bọ́ síbi tí kò rì. A fi ọwọ́ wa kó kọnkéré tútù títí di ọ̀sán. Ẹran ti jinná lórí iná nígbà tí a gbé òkú Shihada jáde. Ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹran náà.

Ọlọ́pàá mú Barjas fún ọjọ́ méjì, wọ́n sì dá a sílẹ̀ kí àwọn àgbà lè lọ bẹ ìdílé Shihada kí wọ́n má baà gbẹ̀san. Wọ́n fi ìbẹ̀bẹ̀ sí ọjọ́ Ajé kejì lẹ́yìn ìyẹn. Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ ni ìdánwò.

Ẹnjiníà Lu'ay wá sí ilé Barjas. Kò jókòó.

"Ìwé ewu yẹn dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Sun ún. Òjò rọ̀, ilẹ̀ rì, kádàrá ni. Bẹ́ẹ̀ ni Àlájì ti sọ fún ọlọ́pàá, ó ní ìwọ ò mú pépà kankan wá bá òun. Tó o bá sọ bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ Ajé, ilé-ẹ̀kọ́ ṣì jẹ́ tìẹ. Tó o bá sọ nǹkan míì, o ò bá mi ṣiṣẹ́ mọ́. O ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́."

Barjas wo ilẹ̀ títí ọkùnrin náà fi lọ.

Ó lọ sí ìdánwò. Rudayna ló ní kó lọ. Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó yà sọ́dọ̀ mi.

"Báwo?"

"Mo yege."

Ó ní, "Bàbá, ìbéèrè kan wà níbẹ̀. Ewu kan ti pọ̀ sí i, ẹni tó ni iṣẹ́ ò fẹ́ yí ọjọ́ padà. Kí ni olórí iṣẹ́ máa kọ́kọ́ ṣe?"

"Kí lo mú?"

"Èyí tó tọ́. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan."

Lọ́jọ́ Ajé, ogún ọkùnrin nínú wa lọ sílé Khlayf, bàbá Shihada. Àlájì Fawwaz ní ẹ̀yìn ń dun òun. Wọ́n gbé kọfí fún Àgbà Mijhim, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún wa. Ó gbé ife náà sórí ẹní, kò mu ún. Ẹni tó bá wá bẹ̀bẹ̀ kì í mu kọfí onílé àfi tí wọ́n bá fún un ní ohun tó wá tọrọ.

Mijhim sọ̀rọ̀ dídùn. Ó sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ kádàrá, ó sọ̀rọ̀ bí ìdílé méjèèjì ṣe jẹ́ ọmọ ìyá. Ó pẹ́. Èéfín kọfí náà tán.

Khlayf ní, "Mo gbọ́. Ta ló ń ṣọ́ igun yẹn?"

Lu'ay wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ìlẹ̀kùn. Khlayf tún bi wá.

"Ọmọ mi wà nísàlẹ̀. Mo ní, ta ló ń ṣọ́ igun náà?"

Barjas dìde. Ó yọ ìwé náà nínú àpò ẹ̀wù.

"Èmi ni."

"Mi ò mọ̀wé. Kà á."

"Ewu kẹrin. Ilẹ̀ kànga. Bó ṣe ṣeé ṣe tó, méjì. Bó ṣe máa burú tó, márùn-ún. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ, Barjas." Ó fi ìka kan ibẹ̀. "Mẹ́rin ló wà níbẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú. Èmi ni mo pa á rẹ́."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ti pe àlejò. Ojú tì mí."

Khlayf na ọwọ́. Ó gba ìwé náà, ó fi èékánná wá ojú ibẹ̀ títí tó fi kan ibi tí pẹ́ńsùlù ti tẹ pépà wọlé. Ó fi èékánná tọ ipa rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tún tọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó pa ìwé dé, ó tì í sábẹ́ orúnkún rẹ̀.

"Mijhim, mu kọfí rẹ. Mo fún yín ní àlàáfíà ọdún kan. Ìdílé yín ò ní láti bẹ̀rù ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí gbọ́dọ̀ kúrò nílùú kó tó di Jímọ̀. Mi ò fẹ́ pàdé rẹ̀ lọ́nà mọ́sálásí."

Mijhim fẹ́ tún bẹ̀bẹ̀. Khlayf gbé ọwọ́ sókè.

"Òun nìkan ló dá mi lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ láàyè."

Mijhim mu kọfí náà. Ó ti tutù. Wọ́n gbé ife yí wa ká lẹ́yìn náà, gbogbo wa mu. Wọn ò gbé e dé ọ̀dọ̀ Barjas.

Níta, Lu'ay ti jókòó sínú mọ́tò rẹ̀. Ó sọ gíláàsì kalẹ̀.

"O ti parí ara rẹ."

"Mo mọ̀."

"Ìwé-ẹ̀rí yẹn, kí lo máa fi ṣe?"

Barjas wo ilẹ̀. Lu'ay ò dúró de ìdáhùn.

A fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, èmi àtòun. Rudayna ti gbọ́ kí a tó dé. Ó ti ká ẹní, ó ń di ìkòkò sínú páálí, àwọn ọmọ jókòó sórí àpótí aṣọ. Kò sunkún. Ó bi ọkọ rẹ̀ bóyá ìlú Mafraq ni wọ́n ń lọ, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Barjas ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìkòkò kan ṣoṣo ló kù lórí iná. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Barjas jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì àná, kò fi òróró sí i.