Ẹ̀yìn Ọ̀gá Sùnmọ́nù

Pátákó Christophe agẹrun ló sọ Ọ̀gá Sùnmọ́nù di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Atakpamé. Christophe ní kó ya orí ọkùnrin mẹ́rin sí i, kí àwọn oníbàárà lè rí oríṣiríṣi irun tó lè gẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ kúrò lórí pátákó náà, orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, wọ́n ń dán, wọ́n lẹ́wà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí títì.

"Ọ̀gá, ojú wọn ńkọ́?"

"Ó wà níwájú."

"Iwájú ibo?"

"Iwájú wọn. Àbí ojú lo máa ń gẹ̀ ni, Christophe?"

Christophe ti ń ká apá aṣọ sókè nígbà tí ọkùnrin kan tó ń lọ sọ́jà dúró. Ó wo pátákó, ó fọwọ́ pa ìpàkọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ṣé bó ṣe yẹ kí tèmi rí nìyí?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, bẹ́ǹṣì agẹrun ti kún. Kò sẹ́ni tó rí ìpàkọ́ ara rẹ̀ rí, ojú wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ là pé ibẹ̀ gan-an ni Christophe ti ń fi wọ́n ṣeré láti ọjọ́ pípẹ́ wá.

Ọmọ ẹ̀yà Ifẹ̀ ti Atakpamé ni Ọ̀gá Sùnmọ́nù, Mùsùlùmí tí a bí sínú ilé kéú. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá ya ohun ẹlẹ́mìí, wọn yóò ní kó fi ẹ̀mí sí i lọ́jọ́ àjíǹde. "Èmi tí mi ò lè jí fún àdúrà àfẹ̀mọ́júmọ́ bí ìyàwó mi ò bá gbá mi lẹ́sẹ̀," ni ó máa ń wí, "èmi ni kí n wá jí àwòrán?" Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbà kó má yàwòrán. Ó wá dá ọgbọ́n kan: ẹ̀yìn ènìyàn ni yóò máa yà. Níbi tí kò bá sí imú, ó ní, èémí ò lè gbabẹ̀ wọlé.

Ọjọ́ tó gbé àwòrán ọjà Elavagnon jáde, ẹ̀yìn bí ogójì ló wà níbẹ̀, kò sí ojú kan ṣoṣo. Obìnrin kan, Julienne, na ìka sí ọkùnrin kan tó jókòó ní ìdí igbá ọlọ́tí. Ó ní ọkọ òun nìyẹn, ọkọ òun tó ní oko lòun wà lọ́jọ́ náà. Ọkọ búra títí.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé èmi ni? Kò sójú níbẹ̀!"

"Ẹ̀yìn yìí ni mo ń rí nígbàkígbà tí mo bá ní kó o bá mi gbé omi."

Nígbà tí Ọ̀gá Sùnmọ́nù dàgbà sí i, ọkàn rẹ̀ kúrò nínú pátákó nìkan. Ó kó àwọn wàláà àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọmọ kéú jáde. Yóò fi tàdáwà kọ̀wé sí ọ̀kan, yóò fi omi fọ̀ ọ́, yóò tún kọ òmíràn lé e, yóò tún fọ̀ ọ́, títí àwọn lẹ́tà àtijọ́ yóò fi máa yọjú lábẹ́ tuntun bí òkúta nísàlẹ̀ odò. Àwọn ará Lomé wá wò ó. Wọ́n ní irú iṣẹ́ báyìí, ọ̀nà tuntun ni. Ọ̀mọ̀wé kan láàárín wọn, Carole, fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀.

"Mo ti fọ̀ ọ́ nù, ọmọ mi."

"Kí ló wá kù, Bàbá?"

"Ohun tó kù nínú orí mi náà ni lẹ́yìn tí mo kúrò ní ilé kéú."

Ọdún kejì lẹ́yìn tó dágbére fáyé ni wọ́n kọ́ ilé kan lẹ́bàá ọjà láti kó àwọn iṣẹ́ rẹ̀ sí. Geneviève, ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ni wọ́n ní kó ya olóògbé sí ara ògiri ẹnu ọ̀nà. Ìyọnu dé. Maurice, olórí ilé náà, ní kò sí bí a ó ṣe fi ọkùnrin kan han ayé láìsí ojú. Ààfáà Múnírù, àbúrò olóògbé, ní bí ojú ẹ̀gbọ́n òun bá fi yọ lára ògiri yẹn, òun á kùn ún pa. Maurice ní bó bá di Sátidé tí Geneviève kò rí ọ̀nà àbáyọ, fọ́tò inú káàdì ìdánimọ̀ lòun á sọ di ńlá, òun á gbé e kọ́.

Ẹ̀rù fọ́tò yẹn ló ba Geneviève jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, Ọ̀gá gbà láti kọjú síwájú. Ó ní ìjọba ló yà á, ìjọba ni yóò wá ẹ̀mí fún un. Síbẹ̀ ẹ̀rù ọ̀run bà á, ó sì la ojú bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú àgbàdo olóko. Nígbà kan ní ojú ọ̀nà Notsé, ọlọ́pàá kan wo káàdì, ó wo Ọ̀gá, ó tún wo káàdì.

"Bàbá, ta ló ni káàdì yìí?"

Inú bí Ọ̀gá, ó yí padà, ó ń lọ. Ni ọlọ́pàá kejì bá kígbe láti ẹ̀yìn rẹ̀: "Háà! Ọ̀gá Sùnmọ́nù nìyẹn! Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá!"

Kátólíìkì ni Geneviève, Datcha ló ti wá. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ti lé e padà pé obìnrin kì í gun àkàsọ̀. Ọ̀gá Sùnmọ́nù kò béèrè ṣọ́ọ̀ṣì, kò béèrè àkàsọ̀. Ó ní, "Ṣé o lè dúró jẹ́ẹ́ wo nǹkan?" Geneviève ní òun lè dúró. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó ń po ọ̀dà, ó ń wò ó.

Ohun kan ṣoṣo ló dùn ún. Lọ́jọ́ ìgbòmìnira rẹ̀, nígbà tó kọ́ṣẹ́ parí, ìyá rẹ̀ bẹ Ọ̀gá pé kó bá ọmọ òun ya fọ́tò. Gbogbo ènìyàn kọjú sí ayafọ́tò. Ọ̀gá yí padà, ó kọjú sí Geneviève.

"Ọ̀gá, ẹ kọjú síbí!" ni ayafọ́tò pariwo.

"Ibi tí iṣẹ́ mi wà ni mo kọjú sí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Geneviève pòṣé. Nínú fọ́tò náà, ojú ọmọ ló hàn, ẹ̀yìn ọ̀gá ló hàn. Ó pẹ́ kí Geneviève tó lè wò ó láìbanújẹ́.

Fọ́tò yẹn ló mú jáde lọ́sẹ̀ ìyọnu náà. Ó wò ó títí, ó sì gun àkàsọ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú ògiri ní Sátidé, ẹ̀yìn Ọ̀gá Sùnmọ́nù ló wà níbẹ̀: fìlà tó máa ń wọ́ sápá òsì, àbàwọ́n ọ̀dà léjìká jàlàbíà níbi tó ti máa ń nu búrọ́ọ̀ṣì, gìgísẹ̀ kan tó yọ kúrò nínú bàtà. Ó kọjú sínú ilé. Ààfáà Múnírù wò ó pẹ́, ó sì fi etí aṣọ nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n mi ni," ni ó wí.

Maurice kò tíì gbà tán. "Ó jọ ọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n báwo la ó ṣe mọ irú ojú tó ń ṣe?"

"Ó ń bínú," ni obìnrin kan wí. "Ẹ wo èjìká rẹ̀."

"Irọ́!" ni Christophe agẹrun wí. "Ìpàkọ́ ni mo fi ń jẹun. Ẹ̀rín ló ń rín."

Gbogbo wọn yíjú sí Geneviève. Ó rántí ọjọ́ ìgbòmìnira, níbi tí ẹ̀rọ fọ́tò ti wà lẹ́yìn Ọ̀gá, tí òun nìkan wà níwájú rẹ̀, tó rí ojú rẹ̀.

"Ó ń rẹ́rìn-ín," ni ó wí. "Omi sì wà lójú rẹ̀. Ẹ máa wọlé, ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ló kọjú sí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, Maurice, Ààfáà, Christophe, àwọn obìnrin ọjà. Ẹni tó bá ń kọjá ní títì lásìkò yẹn, ẹ̀yìn wọn nìkan ló rí, àfi bíi pé Ọ̀gá Sùnmọ́nù ló yà wọ́n.