Ẹ̀rọ Gààrí Tó Tàn Mí Jẹ

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ẹrù mi kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Odigbo, wọ́n bi mí pé, "Ṣé ọ̀dà lẹ tún wá wá?" N kò bá wọn wí. Ó pẹ́ tí àwọn àlejò ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀dà Agbabu, èyí tí a fi ń ṣe títì, sí wọn létí. Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ilẹ̀ lèmi wá wọ̀n.

Ilẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́. Ọkọ̀ àjàgbé tó ń kọjá ní Ore ń mì ín, afẹ́fẹ́ inú oko kòkó ń mì ín, bí ẹsẹ̀ wa ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ kékeré tí mo máa ń rì mọ́ ilẹ̀ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àpáta bá wà nítòsí lábẹ́, ilẹ̀ a máa gbọ̀n kíákíá. Bí ẹrẹ̀ bá nípọn lábẹ́, a máa mì díẹ̀díẹ̀. Orí ẹrẹ̀ nilé ti ń jìyà jù bí ìmìtìtì ilẹ̀ bá dé. Àwọn kan ní kí ni ìmìtìtì ń wá ní Odigbo. Mo ní kí wọ́n máa gbàdúrà kó má wá, kí n máa ya àwòrán ilẹ̀ mi lọ.

Baba Àdúrà, olórí ilé àdúrà kan níbẹ̀, ní kí n wo ilẹ̀ tiwọn. Wọ́n fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òkè rẹ̀ ni àwọn ọmọdé yóò ti máa kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, mo sì ri ẹ̀rọ mi mọ́lẹ̀. Gbogbo ìjọ jókòó láìmira títí mo fi parí. Ìdákẹ́jẹ́ wọn wú mi lórí débi pé n kò ka ẹ̀rọ tó ń lọ gbágùúdá lẹ́yìn ògiri sí.

Mo ní, "Baba, àpáta wà nítòsí. Ẹ kọ́ ọ."

Ni ìjọ bá bú sórin. Wòlíì wọn ní òun ti rí àpáta náà lójú ìran.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo lọ ra gààrí lọ́dọ̀ Ìyá Fúnmi, tó ni ẹ̀rọ ẹ̀yìn ògiri náà. Omi inú abọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kíákíá bí ẹ̀rọ náà ṣe ń lọ gbágùúdá.

Mo bi í pé, "Ọjọ́ tí mo wá wọn ilẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ pa ẹ́ńjìnnì yìí?"

"A ò pa á o. Gbágùúdá pọ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Ẹ́ńjìnnì Ìyá Fúnmi ni mo wọ̀n tí mo pè ní àpáta.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó pa á, mo sì tún ilẹ̀ náà wọ̀n. Ẹrẹ̀ ni, ó sì nípọn. Ìjọ ti gé búlọ́ọ̀kù jọ. Ojú tì mí, àmọ́ mo dúró níwájú ìjọ, mo ní èmi ni mo ṣe àṣìṣe, kí wọ́n má kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀.

Ẹnì kan béèrè pé, "Ìran Wòlíì wá ńkọ́?"

Baba Àdúrà ló dá a lóhùn. Ó ní, "Wòlíì rí àpáta. Kò sọ pé ibí ló wà."

Ilé ilẹ̀ ni wọ́n kọ́. Láti ìgbà náà, kí n tó ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò, kí n bi wọ́n léèrè ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé àdúrà náà kọjá lọ́jọ́ ìsinmi, mo máa ń gbọ́ àwọn ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ lásán fò nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ mi ì bá kọ gbogbo ìfò wọn sílẹ̀. N kì í gbé e jáde.