Gbodo Tí Mo Fi Sílẹ̀ Nínú Òjò

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ará ilé wa pé gbodo ni mo fẹ́ fi gboyè másítàsì, wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà. Kì í ṣe àwàdà. Físíìsì ni mo ń kọ́, ẹ̀ka rẹ̀ tó ń mú ìmọ̀ kúrò nínú ìwé wá sínú iṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ tí ọ̀gá mi ní yunifásítì yàn fún mi ni pé kí n wádìí bí oòrùn ṣe ń fa omi kúrò lára gbodo, ìyẹn iṣu tí a gé tí a sì sá láti fi ṣe èlùbọ́. Apá ìparí àwọn ọdún 1980 ni.

Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní ìlú Ọ̀yọ́. Wọ́n yọ̀ǹda mi láti lọ kàwé, wọ́n sì ti sọ fún mi pé nígbà tí táàmù tuntun bá wọlé, kí n padà sí kíláàsì. Wọn kì í yọ̀ǹda tíṣà lẹ́ẹ̀mejì. Bí iṣẹ́ mi ò bá parí kó tó di ìgbà yẹn, oyè náà ti lọ nìyẹn. Ìyàwó mi ló ń dá gbogbo ẹrù ilé gbé ní Ọ̀yọ́. Èmi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, nínú yàrá kan lẹ́yìn oríta Tàkíé, nítorí pé àgbàlá ibẹ̀ gbòòrò, igi kankan kò sì ṣíji bò ó. Iṣu tí mo ń lò ń wá láti apá Ìkòyí-Ilé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé oòrùn nìkan ló ń gbẹ nǹkan. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Oòrùn ń mú kí omi jáde, àmọ́ atẹ́gùn ló ń gbé omi náà lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní àtẹ mẹ́ta. Ọ̀kan wà nínú àpótí pákó tí mo kùn ní dúdú, tí mo sì fi dígí bò lórí. Ìkejì wà lórí pẹpẹ ọparun tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìkẹta wà lórí ẹní nílẹ̀, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń sá a. Ìwọ̀n kan náà ni mo gé gbogbo ẹ̀là iṣu náà sí. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, mo máa ń gbé àtẹ kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n, títí iṣu náà kò fi ní fúyẹ́ sí i mọ́. Ọ̀gá mi ní kí n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ni gbogbo nǹkan kù sí, ẹ̀ẹ̀rùn sì ti ń lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, pírínsípà ránṣẹ́ pè mí sí Ọ̀yọ́. Wákàtí mélòó kan tí mi ò bá gbé nǹkan sórí òṣùwọ̀n kò lè ba iṣẹ́ náà jẹ́, bí ẹ̀là kọ̀ọ̀kan bá ṣáà wà lórí àtẹ tirẹ̀. Mo lọ bá Ìyá Onílé, opó àgbà tó ni ilé náà.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ dé ibẹ̀.”

“Ewúrẹ́ wo? Èyí tó bá dé ibẹ̀ ti di ẹran Iléyá. Máa lọ, ọmọ mi.”

Ní Ọ̀yọ́, pírínsípà kàn fẹ́ fojú rí mi ni. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo rí i láti inú mọ́tò pé ojú ọ̀run ti dúdú níwájú wa. Mo dé, àgbàlá ṣófo. Aládùúgbò wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Obìnrin Aládùúrà ni, ó jù mí lọ, ó sì ń ta òwú àti bọ́tìnì fáwọn télọ̀ ní Tàkíé.

“Tíṣà, ẹ kú àbọ̀, ẹ sì kú oríire. Ọlọ́run ló ní kí n yà wálé wá jẹun. Òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀, Ìyá ti lọ kírun, gbogbo gbodo yín wà níta bí ọmọ tí kò ní ìyá.”

“Ibo lẹ kó o sí, mà?”

“Inú apẹ̀rẹ̀ ńlá yẹn. Mo da gbodo tí Ìyá náà sá mọ́ ọn. Ẹ̀là kan ò tutù.”

“Ti inú àpótí ńkọ́? Dígí wà lórí rẹ̀.”

“Dígí kọ́, dígí ni. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ kó.”

Bí a ṣe ń gbé nílùú wa nìyẹn. Ẹni tí òjò bá ṣú lójú rẹ̀, tí ó rí gbodo ẹlòmíràn níta, kì í dúró béèrè kó tó kó o wọlé. Bí ó bá kọjá lọ, wọn á máa sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá sì bá kó o, ọpẹ́ ló máa kọ́kọ́ dá. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ẹ ṣeun mà. Ẹ ò ní rí ibi.” Òjò náà kò tilẹ̀ rọ̀ ju kí ó wọ́n erùpẹ̀ lọ.

Nígbà tí Ìyá Onílé dé, ó bá mi nídìí apẹ̀rẹ̀. Mo ti da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mò ń yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Àwọn tó gbẹ jù ni ti inú àpótí rẹ. Ṣà wọ́n sọ́tọ̀.”

“Ìyá mi, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn. Bí mo bá fi gbígbẹ wọn mọ àtẹ tí wọ́n ti wá, mi ò wádìí nǹkan kan mọ́.”

“Ṣé o fẹ́ kí wọ́n la ẹnu sọ fún ẹ ni?”

Mo wọ yàrá, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò bọ́ bàtà. Mo rò ó pé kí n kàn sọ fún ọ̀gá mi pé ó ti bàjẹ́. Mo rò ó pé kí n di ẹrù mi. Oúnjẹ tí Ìyá gbé wá tutù síwájú mi.

Mo ra iṣu tuntun, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí táàmù wọlé, àyè ò sí láti tún un ṣe mọ́. Kò sí ohun tí mò ń ṣe láàárín wíwọ̀n kan sí èkejì ju kí n máa wo ojú ọ̀run. Ọjọ́ àkọ́kọ́ dára. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, afẹ́fẹ́ gbé erùpẹ̀ wọ àgbàlá, ìlà oòrùn sì dúdú. Aládùúgbò mi jáde síta.

“Tíṣà, ó ń bọ̀ o.”

“Mo rí i, mà.”

“Ẹ jẹ́ kí n gbé apẹ̀rẹ̀ wá.”

“Ẹ fi í sílẹ̀, mà.”

“Kí n fi kí ni sílẹ̀?”

“Kò sí oòrùn nínú ilé, kò sí atẹ́gùn; bí mo bá kó o wọlé, gbogbo rẹ̀ ti parí. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ó kéré tán, màá mọ ohun tí òjò ṣe sí i.”

“Oúnjẹ ni o. Òjò fẹ́ ba oúnjẹ jẹ́, ẹ sì ń wò ó. Ṣé orí yín pé?”

“Mi ò mọ̀, mà. Ẹ bá mi fi agbòòrùn bo òṣùwọ̀n yìí. Ẹni ẹlẹ́ni ló ni ín.”

Òjò dé. Obìnrin náà di agbòòrùn mú lórí òṣùwọ̀n, àmọ́ ó kọjú sí ògiri kí ó má baà rí gbodo. Mò ń gbé àtẹ wá lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń wọ̀n ọ́n, mò ń dá a padà sínú òjò. Èyí tó wà nílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo omi rẹ̀ padà. Ti orí pẹpẹ náà wúwo sí i. Ti abẹ́ dígí nìkan ni kò yí padà. Ní gbogbo àkókò yẹn, obìnrin náà ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó dárí jì wá, àwa méjèèjì.

Mo gbé ìwé tí mo kọ ìwọ̀n gbogbo wọn sí lọ bá ọ̀gá mi ní yunifásítì. Ó kà á, ó sì tún un kà.

“Ta ló ní kí o lọ wọn òjò?”

“Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, sà. Òun ló rọ̀.”

Ó mú pẹ́ńsù pupa. Ó fagi lé ti ẹní, ó fagi lé ti pẹpẹ. Ti àpótí nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó fọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá mo yege.

“O yege,” ó ní. “Má béèrè iye tí o gbà.”

Mo gba ìwé mi, mo wọ mọ́tò Ọ̀yọ́.