Àmì Pupa Lára Ilé Ìyá Comfort

Akínwùmí Ọládipọ̀, ẹni tí gbogbo Ọjà'ba mọ̀ sí Akin Páànù nítorí òrùlé tó ń kàn, kò fi páànù bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà ló kọ́kọ́ ń tà. Tíṣà ni bàbá rẹ̀ ní Kúdẹtì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tó gbà pé kò sí ohun tí ìwé kò lè kọ́ni, Akin sì gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ní ọdún 1978, ó ka ìwé kan nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀dà, ó fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀, ó háyà ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn Mápó, ó po ẹfun mọ́ gúlúù nínú dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin, ó sì pè é ní Ọ̀dà Akin.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ènìyàn méjì péré ló ti rà á. Fọláṣadé ìyàwó rẹ̀ ni ọ̀kan. Ẹnì kejì ti dá tirẹ̀ padà.

Àwọn tó ń ta ọ̀dà ní Mọ́lété lágbára láti polówó lórí rédíò. Ohun tí Akin ní ni ṣòkòtò kakí, akoto líle irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ títì máa ń dé, fáìlì kan, àti àyà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lójú gbogbo ayé, ó bẹ̀rẹ̀ láti Bẹẹrẹ. Gbogbo ilé tí ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ti ń ṣí, ó kun àmì roboto pupa sí i níwájú, ó sì kọ nọ́ńbà sí àárín rẹ̀. Ilé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló kùn. Èrò rẹ̀ ni pé kí àwọn onílé ṣe kàyéfì fún ọjọ́ mẹ́ta, kí òun wá fara hàn ní Sátidé pẹ̀lú pósítà: ILÉ TÓ NÍ ÀMÌ YÌÍ Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN Ọ̀DÀ AKIN.

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Ní Ìbàdàn, ẹni tó bá ti fi fáìlì sábẹ́ apá, tí kò sì rẹ́rìn-ín, ìjọba ni. Baálé kan gbé àga fún un, ó fún un ní omi tútù, ó sì fẹ́ ki nǹkan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kó lè fo ilé òun. Akin ní òun kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an sí ìwà rere ara rẹ̀.

Ilé kọkàndínlógún ni ti Ìyá Comfort, opó aládùúrà kan tó ń ta abọ́ tánganran. Ìyá yìí mọ ohun tí àmì pupa ń ṣe. Wọ́n ti fi irú rẹ̀ sára ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí nígbà tí wọ́n fẹ́ la títì, katapílà sì gbé ilé náà mì tòun ti ilẹ̀kùn, tòun ti páànù. Ó ti búra pé tòun kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ní Ọjọ́rú, ó pe àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n tú òrùlé sílẹ̀ kí katapílà tó dé, kó má bàa gbé páànù mì. Páànù tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lórí ilé ni. Bí wọ́n ṣe ń tú u ló ń ya. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ẹni tó bá dúró lórí òkè Mápó lè ka iye ìkòkò tó wà nílé ìdáná rẹ̀.

Ní Sátidé, Akin dé pẹ̀lú pósítà àti ẹ̀rín. Ó bá ìyá nínú pálọ̀, lábẹ́ agbòòrùn.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, òrùlé yín dà?”

“Ẹ̀yin ìjọba ló yẹ kí n bi. Katapílà yín dà?”

“Katapílà kẹ̀, mà? Ọ̀dà ni mo ń tà.”

Ìyá gba pósítà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó di bẹ́líìtì Akin mú, ó sì wọ́ ọ dé tésàn.

Sájẹ́ǹtì Yésúfù ló wà lórí káńtà. “O pe ara rẹ ní òṣìṣẹ́ ìjọba.”

“Rárá o, sà. N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọn ò bi mí.”

“O kun ilé onílé láìgbàṣẹ.”

“Ìpolówó ọjà ni, sà. Àwọn tó ń lẹ pósítà kiri ńkọ́, ta ni wọ́n ń tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀?”

Sájẹ́ǹtì wo ògiri tésàn fúnra rẹ̀. Pósítà ìsọjí mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àti ti oògùn aràn méjì. Ó wúkọ́.

“Ẹ fi òfin sílẹ̀ ná,” ni Ìyá Comfort wí. “Mo fi kànìnkàn fọ àmì yẹn, mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kò jáde. Ìwọ, ṣé ọ̀dà tìrẹ nìyẹn?”

Akin wolẹ̀. “Ti Mọ́lété ni, mà.”

“Kí ló dé tí kì í ṣe tìrẹ?”

“Tèmi... òjò máa ń fọ̀ ọ́ lọ, mà.”

Gbogbo tésàn bú sẹ́rìn-ín, títí kan olè tó wà ní àtìmọ́lé. Ní tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà. Ìbàdàn máa ń dárí ariwo jini. Ṣùgbọ́n ọjà tí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ kò lè fi kun ògiri, kí ló ń pe ènìyàn wá wò?

Sájẹ́ǹtì ní òun lè gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù.

“Kóòtù ò lè bo ilé mi, àkọ́rọ̀ sì ti ń bọ̀,” ni ìyá dáhùn. Ó kọjú sí Akin. “Títí ilé mi yóò fi ní òrùlé, ṣọ́ọ̀bù rẹ ni mò ń gbé.”

Kò fi ṣeré. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó kó dé pẹ̀lú ẹní, abọ́ àti ewúrẹ́ méjì. Àwọn ewúrẹ́ fẹ́ràn ẹfun ju ẹnikẹ́ni tí Akin ti polówó fún lọ. Kò rí àyè po ọ̀dà mọ́. Ó ta dúrọ́ọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi ra páànù, kò sì ku ohun tí yóò fi gba káfíńtà. Òun fúnra rẹ̀ ló gun òkè ilé. Ìwé kankan kò kọ́ ọ níyẹn. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ló ń kígbe kọ́ ọ láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú èébú.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá ti gbé ibùsùn rẹ̀ padà wọ yàrá. Páànù kan ṣoṣo ló kù lókè ibẹ̀ tí Akin kò tíì kàn, ìṣó sì tán lọ́wọ́ rẹ̀, ni òjò ṣú láti ìhà Òjé. Atẹ́gùn fẹ́ gbé páànù náà. Akin kò rí nǹkan mìíràn ṣe, ó dùbúlẹ̀ lé e, ó nawọ́ nasẹ̀ bí aláǹgbá. Òjò dé.

Àwọn tó sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ òdìkejì ń pariwo. “Akin! Ṣé ìpolówó ọjà nìyí náà?”

“Ẹ lọ bá mi ra ìṣó!”

Ohùn ìyá jáde láti abẹ́ rẹ̀. “Akin!”

“Mà!”

“Ṣé òjò ń pa ọ́?”

“Ó ń pa mí gan-an, mà.”

“Ó dáa. Sún sí ọ̀tún díẹ̀, ó ń kán sórí ìrọ̀rí mi.”

Akin sún.